Orúkọ Wo Ni Ká Pe Ẹ̀jẹ̀ Yìí? Iṣẹ́ Charles Rotimi àti Ìwádìí Àbùdá ní Pobè

Láti ọdún 2003 ni ilé-ìwòsàn kan ti wà ní Pobè, ní ẹkùn Plateau lórílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, tí wọ́n dìídì dá sílẹ̀ fún egbò Buruli. Ẹni tó bá ti Porto-Novo ń bọ̀ yóò gba Sakété kọjá kó tó débẹ̀. Kòkòrò Mycobacterium ulcerans ló ń fa egbò náà. Oró tó ń tú sára ń jẹ ẹran ara, ó sì tún ń pa ìrora. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fi í tètè wá ìtọ́jú. Láàárín 2005 sí 2011, aláìsàn 1,227 tí àyẹ̀wò fìdí àìsàn wọn múlẹ̀ ló gba ìtọ́jú níbẹ̀, ìdajì wọn kò sì ju ọmọ ọdún 12 lọ.

Kí ló dé tí ọmọ méjì á jọ máa lọ sódò kan náà, tí egbò á mú ọ̀kan, tí kò ní mú èkejì? Ìbéèrè yìí ló gbé àwọn onímọ̀ àbùdá dé Pobè. Ní 2018, Quentin Vincent àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí ìdílé kan tí àìsàn náà bá jà gan-an. Wọ́n rí i pé nǹkan bí lẹ́tà DNA 37,000 ló sọnù lórí kúrómósómù kẹjọ àwọn aláìsàn méjì inú ẹbí náà, nítòsí àwọn àbùdá tó ń bá ara lé kòkòrò. Wọ́n wá yẹ àbùdá ará agbègbè 803 wò: 402 ní egbò, 401 kò ní. Ní 2020, Jeremy Manry àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí mìíràn jáde tó wo gbogbo àbùdá àwọn ènìyàn agbègbè náà. Èmi ò ní sọ ju báyìí lọ nípa ìdílé inú ìwádìí 2018 yẹn. Níbi tí gbogbo ènìyàn ti mọ ara wọn, àlàyé díẹ̀ ti tó láti tú àṣírí odindi agboolé.

Charles Rotimi, onímọ̀ àbùdá, ti bá ọ̀rọ̀ orúkọ tó yẹ kí á pe ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn fà á pẹ́. Benin City ni wọ́n bí i sí (ìlú Ọba Ẹdó ni mo ń wí o, kì í ṣe orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀), yunifásítì ibẹ̀ ló sì ti kàwé kó tó kọjá sí Amẹ́ríkà. Òun ni ààrẹ àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ African Society of Human Genetics tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2003. Ó wà lára àwọn tó bí ètò H3Africa, tí wọ́n kéde ní 2010 kí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà lè máa ṣe ìwádìí àbùdá fúnra wọn.

Iṣẹ́ rẹ̀ tó kàn wá jù ni ti HapMap, ètò àgbáyé tó ń wá ìyàtọ̀ inú àbùdá ènìyàn, ní Ìbàdàn. Ètò náà bẹ̀rẹ̀ ní 2002, ó sì gba ẹ̀jẹ̀ Yorùbá 90: bàbá, ìyá àti ọmọ wọn kan tó ti dàgbà, ìdílé 30. Kí abẹ́rẹ́ tó kan ẹnikẹ́ni, Rotimi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ bá àdúgbò jókòó sọ̀rọ̀. Wọ́n tún fi lélẹ̀ pé ẹnikẹ́ni tó bá lo ẹ̀jẹ̀ yẹn gbọ́dọ̀ pè é ní ti Yorùbá tó wà ní Ìbàdàn, Nàìjíríà, kó má sọ ọ́ di ti gbogbo Yorùbá, áńbọ̀sì gbogbo Áfíríkà.

Ìlànà yìí dára, ṣùgbọ́n kò ṣeé gbé lọ sí Pobè bó ṣe wà. Ìbàdàn fẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà níbẹ̀ kò sì ní orúkọ ẹnikẹ́ni tàbí àkọsílẹ̀ àìsàn kankan lára. Ní Pobè, àìsàn gan-an ni wọ́n ń wá kiri, àìsàn tí àwọn ènìyàn ń fojú burúkú wò. Bí a bá dárúkọ abúlé, tàbí tí a ní ẹ̀yà Nàgó tàbí Họ̀lí ibẹ̀ ni, a lè ba ìgbéyàwó ọmọbìnrin ibẹ̀ jẹ́. Bí a bá sì ní "ìgbèríko Bẹ̀nẹ̀", gẹ́gẹ́ bí àkọlé ìwádìí 2020 ṣe sọ ọ́, ó dáàbò bo ènìyàn, àmọ́ kò sọ ẹni tí àbájáde náà bá mu. Lójú tèmi, ààbò ló gbọ́dọ̀ ṣíwájú, kí àwọn tó ni ẹ̀jẹ̀ sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń yan orúkọ.

Bẹ̀nẹ̀ ní òfin fún ìwádìí ìlera, òfin 2010-40 ti ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá, 2010. Yàtọ̀ sí ohun tí òfin yẹn bá béèrè, ẹ̀yin onímọ̀ tí ẹ ń múra ìwádìí tó kàn, ẹ kọ ìwé ìfọwọ́sí yín ní èdè Nàgó, kí ẹ sì fi ìlà kan sí i tí ẹ ó ti bi àwọn ará ìlú léèrè orúkọ tí wọ́n fẹ́ kí ẹ pe ẹ̀jẹ̀ wọn.