ÌTÀN INÁ OJÚ TÍTÌ ÌBALẸ̀ ỌKỌ̀ ÒFURUFÚ, ÀTI OHUN TÍ Ó KÀN WÁ NÍNÚ RẸ̀

Àwọn baba wa a máa wí pé òkùnkùn kò mọ ẹni ọ̀wọ̀. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí fún ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ rìn lóru. Ó sì tún jẹ́ òtítọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tí ń fò lójú ọ̀run. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ìlú wa tí ń ti Lọ́ńdọ̀nù, Amẹ́ríkà àti ibòmíràn bọ̀ wá sílé ni ó jẹ́ pé lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti ṣú ni ọkọ̀ wọn ń balẹ̀ ní Ìkẹjà. Ìdí nìyí tí a fi yan ìtàn iná tí ń tọ́ ọkọ̀ òfurufú sọ́nà fún ìwé wa ti ọdún yìí. Títì ìbalẹ̀ ni a ó máa pe ojú ọ̀nà gígùn tí ọkọ̀ òfurufú ń sáré lé kí ó tó gbéra, tí ó sì tún ń sáré lé nígbà tí ó bá balẹ̀.

Kì í ṣe iná mànàmáná ni a kọ́kọ́ lò fún iṣẹ́ yìí. Ní òru ọjọ́ 22 mọ́jú ọjọ́ 23 oṣù Kejì ọdún 1921, nígbà tí ilé ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà fẹ́ fi hàn pé lẹ́tà lè rìn lójú ọ̀run lóru gẹ́gẹ́ bí ó ti ń rìn lọ́sàn-án, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Jack Knight gbé àpò lẹ́tà láti North Platte títí dé Chicago nínú otútù líle. Àwọn àgbẹ̀ àti àwọn ará ìletò ni wọ́n dá iná igi sí ọ̀nà tí yóò gbà kọjá, kí ó má ba à ṣìnà. Ẹ kíyè sí i pé àwọn ará ìlú ni wọ́n gbé iná sókè fún awakọ̀ náà.

Ní ilẹ̀ tiwa, ọdún 1925 ni ọkọ̀ òfurufú kọ́kọ́ balẹ̀ ní Kánò. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ni a kọ́ pápá ọkọ̀ òfurufú Ìkẹjà. Ní ìgbà ogun yẹn, àwọn ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì a máa to àtùpà ọlọ́rùn gígùn, tí a rọ epo kẹrosíìnì sí, ní ẹ̀gbẹ́ títì kí ọkọ̀ lè rí ibi balẹ̀ lóru. Iṣẹ́ ńlá ni títàn wọn, iṣẹ́ ńlá sì ni pípa wọn, nítorí ọwọ́ ni a fi ń tan ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí iná mànàmáná gba ipò àtùpà, àwọn ọlọ́gbọ́n ṣètò rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan fi ní ohun tí ó ń sọ. Iná àwọ̀ ewé ni ó ń sọ pé, “Ibí ni títì ti bẹ̀rẹ̀.” Iná funfun ni ó wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, àlàfo àárín ọ̀kan sí èkejì kì í sì í ju mítà 60 lọ. Ní mítà 600 tí ó kẹ́yìn títì gígùn, funfun náà a di àwọ̀ òféèfèé bí ẹyin adìyẹ, láti kìlọ̀ pé títì ń tán lọ. Iná pupa ni òpin. Iná aró ni ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà lọ sí ibi ìdúró rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, iná mẹ́rin kan tún wà tí a tò sórí ìlà kan: bí awakọ̀ bá rí funfun méjì àti pupa méjì, ó wà ní ìwọ̀n tí ó tọ́, bí gbogbo wọn bá funfun, ó ti ga jù, bí gbogbo wọn bá pupa, ó ti lọ sílẹ̀ jù, ewu sì ń bẹ.

Ní àwọn ọdún 1940, E. S. Calvert ní Farnborough ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ètò iná ojú ọ̀nà àbáwọlé, tí ìlà gbọọrọ wà láàárín tí òmíràn sì dábùú rẹ̀, kí awakọ̀ lè mọ̀ bóyá apá ọkọ̀ òun dọ́gba. Irú ìlà bẹ́ẹ̀ lè gùn tó mítà 900 ṣáájú títì. Nínú ètò tí a ń lò káàkiri, okùn iná kan náà ni ó so àwọn àtùpà pọ̀, ṣùgbọ́n olúkúlùkù ní ẹ̀rọ kékeré tirẹ̀ lábẹ́, kí ọ̀kan má ba à kú kí ó sì kó gbogbo ìyókù lọ. Bí iná ìjọba bá sì lọ, òfin àgbáyé ń fẹ́ kí jẹnẹrétọ̀ gba iṣẹ́ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 15, kódà kíákíá jù bẹ́ẹ̀ lọ níbi tí ojú ọjọ́ bá ti burú.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí Ìkẹjà. Pápákọ̀ Òfurufú Murtala Muhammed, tí a ṣí ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 1979, ní títì méjì. Èyí tí ó gùn jù tó mítà 3,900. Èkejì, tí a ń pè ní 18L, tí ó sún mọ́ ibùdó àwọn tí ń rìnrìn-àjò láàárín Nàìjíríà, gùn tó nǹkan bí mítà 2,700. Ó ju ọdún 10 lọ tí títì kejì yìí fi wà láìsí iná. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, kò wúlò mọ́. Gbogbo ọkọ̀ a wá máa dà sórí títì kan ṣoṣo, àwọn tí ń lọ sí àárín ilẹ̀ wa a sì máa rìn jìnnà lórí ilẹ̀ kí wọ́n tó gbéra, tí epo ń jó, tí àkókò ń ṣòfò. Bí nǹkan bá ṣe títì gígùn náà lóru, kò sí òmíràn ní Ìkẹjà tí ọkọ̀ lè bà sí. Ní ọjọ́ 8 oṣù Keje ọdún 2022 ni FAAN, àjọ tí ń mójú tó àwọn pápákọ̀ òfurufú ìjọba àpapọ̀, ti títì náà pa láti fi iná sí i. Ní ìparí ọdún náà ni a tún ṣí i.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń bi wá léèrè pé kí ni a ń fi iná ṣe lọ́sàn-án, kí ó rántí ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 2005. Ọ̀sán ni ọkọ̀ Sosoliso ti Àbújá dé Port Harcourt, nínú òjò àti ìjì. Ènìyàn 110 ni ó wà nínú rẹ̀. 108 kú, 60 nínú wọn sì jẹ́ ọmọ ilé-ìwé Loyola Jesuit College tí ń lọ sílé fún ìsinmi. Ìwádìí ìjọba sọ pé olórí ohun tí ó fa ìjàm̀bá náà ni pé àwọn awakọ̀ ń sọ̀kalẹ̀ lọ kọjá ibi tí ó yẹ kí wọ́n ti padà sókè, láìtíì fi ojú rí títì. Ṣùgbọ́n ó tún sọ pé a kò tan iná pápá náà, èyí sì lè wà lára ohun tí kò jẹ́ kí awakọ̀ rí títì. A kò sọ pé iná nìkan ni ì bá gbà wọ́n là. Ohun tí a ń sọ ni pé iná tí a rà, tí a rì mọ́lẹ̀, tí a kò sì tàn, kò yàtọ̀ sí èyí tí kò sí.

Ohun tí ó tún bani nínú jẹ́ ni pé ní ọdún 2023, FAAN fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé a ti jí lára iná ojú títì ní Ìkẹjà. Bí ikú ilé kò bá pa ni, ti òde kò lè pa ni. Kò sí àlejò tí ó lè wọ àárín pápá tí a fi ọgbà yíká kí ó sì hú iná lọ láìsí ẹni tí ó ṣílẹ̀kùn fún un tàbí ẹni tí ó sùn lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tí ó ra irú ẹrù bẹ́ẹ̀ fún owó wáyà jẹ̀bi pẹ̀lú ẹni tí ó jí i.

Ọ̀rọ̀ yìí ń sún mọ́ ilé wa. Orúkọ ìlú wa fi hàn pé igbó ẹfọ̀n ni ibí yìí nígbà kan rí. Lónìí ọ̀nà ńlá Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́ ti là wá kọjá. Láti ọjọ́ pípẹ́ sì ni Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti ń gbèrò pápákọ̀ òfurufú Lẹ́kkí-Ẹ̀pẹ́ ní apá ìlà-oòrùn wa. Nígbà tí a bá pe àwọn ará ìlú láti wá sọ ti ẹnu wọn, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ owó ilẹ̀ nìkan ni àwa ọmọ Etí-Ọ̀sà yóò bá lọ. Kí a béèrè pé: Iná títì ń kọ́? Jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ń kọ́? Ta ni yóò máa ṣọ́ ọ, ta ni yóò sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́? Kí ẹ̀yin òbí sì rántí pé ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ọkọ̀ òfurufú ti ìjọba wà ní Zaria láti ọdún 1964. Bí àwọn ọmọ wa bá kọ́ iṣẹ́ náà, àwọn gan-an ni yóò máa tan iná tí a ó fi rí ọ̀nà wálé.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Kí Ọlọ́run máa pa àlọ àti àbọ̀ gbogbo ọmọ Igbó Ẹfọ̀n mọ́.