Ẹsẹ̀ tí ó Wà Nínú “Tàpá”

“A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni,” ni àwọn àgbà wí. Bí ọwọ́ òsì, tí òun náà ṣáà jẹ́ ọwọ́, bá di àbùkù fún ohun tí a ń bọ̀wọ̀ fún, kí ni kí a ti wí nípa ẹsẹ̀? Ẹsẹ̀ sì ni ó wà nínú “tàpá”. Ẹṣin tí inú bí a máa ta olówó rẹ̀ nípàá. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí òfin, sí àṣẹ ọba tàbí sí ìkìlọ̀ òbí, ni a ń sọ pé ó tàpá sí i. Ẹ ṣàkíyèsí “sí” tí ń tẹ̀lé e: ẹṣin lè tàpá sókè lásán, ṣùgbọ́n ti ènìyàn ní ibi tí ó kọjú sí. Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa kò ṣàì mọ ìwọ̀n ọ̀rọ̀ náà nígbà tí wọ́n lò ó nínú ọ̀ràn Sọ́ọ̀lù ará Tásù.

Ṣùgbọ́n gbogbo arúfin kọ́ ni ó tàpá. Ní ìlú tí ẹnikẹ́ni kì í ti í jẹ iṣu tuntun kí ọba tó tọ́ ọ wò, ẹni tí ebi pa, tí ó wọ yàrá, tí ó ti ilẹ̀kùn, tí ó sì fi òru bojú jẹ ẹ́, rú òfin lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù òfin náà ni ó mú un ti ilẹ̀kùn. Ẹni tí ó sun ún ní oríta lọ́sàn-án gangan, tí ó ń fẹ́ná, tí èéfín ń rú, tí ó sì ń kí àwọn ìjòyè tí ń kọjá pé ẹ wá bá mi jẹ ẹ́, òun ni ó tàpá. Ti ẹni tí ó kọ etí ikún kò le tó bẹ́ẹ̀. Ó kàn ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ni.

N kò gbà pé ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn ni nígbà gbogbo. Ní 1947, nígbà tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá, ọmọ Lísàbí, tí Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣíwájú wọn, kọ̀ jálẹ̀ pé àwọn kò san owó orí mọ́, tí wọ́n sì ya bo iwájú ààfin Aláké, wọ́n tàpá sí òfin ní ojú gbogbo ayé, títí Aláké náà, Ọba Adémọ́lá Kejì, fi gbé oyè sílẹ̀ ní 1949. Ọ̀rọ̀ náà sì yẹ wọ́n bí òfì. Ti ìwé àṣẹ ìwọ́de yàtọ̀. Nígbà tí ìjọba kò fún wọn, wọ́n ní píkíníìkì ni àwọn ń lọ. Èyíinì kì í ṣe ìtàpá rárá: ẹ̀yìn òfin ni wọ́n gbà kọjá, òfin kò sì rí ẹsẹ̀ wọn.