Ọmọdé Tó Bá Mọ Ọwọ́ Wẹ̀: Ìdí Tí Àwùjọ Fi Ń Ṣòfin

Àwọn àgbà ní ọmọdé tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ yóò bá àgbà jẹun. Ọmọ tó mọ̀wàáhù, tó mọ ìgbà tó yẹ kó sọ̀rọ̀ àti ìgbà tó yẹ kó dákẹ́, ni a sábà ń fi òwe yìí yìn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Àmọ́ ẹni tó bá tú òwe náà wò dáadáa yóò rí i pé ọ̀rọ̀ òfin ló wà nídìí rẹ̀. Olùkọ́ tó fẹ́ kí ọmọ kíláàsì kejì tàbí ìkẹta mọ ìdí tí ìlú fi ń ṣòfin lè tibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Nǹkan mẹ́ta ló wà nínú òwe náà. Èkíní ni àjọjẹ. Ọmọ tó ń dá jẹun nínú àwo tirẹ̀, bó wẹ ọwọ́, bí kò wẹ ọwọ́, inú ara rẹ̀ ni yóò run ún. Nígbà tí ọwọ́ márùn-ún bá ń wọ ọbẹ̀ kan náà ni ìdọ̀tí ọwọ́ ẹnì kan ń di àìsàn gbogbo ilé. Ohun tí a jọ ní ló ń bí òfin. Èkejì ni èrè tó wà níbẹ̀. Òwe náà kò sọ̀rọ̀ pàsán rárá. Ìjókòó láàárín àwọn àgbà ló ṣèlérí fún ọmọ. Ẹ̀kẹta, tó jẹ́ pé a máa ń gbójú fò ó, ni pé àgbà tí ọmọ fẹ́ bá jẹun ti wẹ ọwọ́ tirẹ̀ ná. Òfin tí àgbà kò bá pa mọ́, kò lẹ́nu láti fi kọ́ ọmọ.

Ọdún 2014 jẹ́ kí gbogbo Nàìjíríà rí òótọ́ òwe yìí. Ní ogúnjọ́ oṣù Keje ọdún náà, Patrick Sawyer ti Làìbéríà wọ Èkó pẹ̀lú àrùn Ebola lára. Dókítà Ameyo Adadevoh àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kò jẹ́ kó jáde nílé ìwòsàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ń rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi í sílẹ̀ kó máa lọ. Dókítà náà kó àrùn ọ̀hún, ó sì kú ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ. Ìjọba sún ọjọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò wọlé síwájú. Nígbà tí wọ́n wọlé, omi àti ọṣẹ ni wọ́n bá lẹ́nu géètì ilé ẹ̀kọ́ káàkiri. Ogún ènìyàn ló kó àrùn náà ní Nàìjíríà, mẹ́jọ nínú wọn sì kú, kí Àjọ Ìlera Àgbáyé tó kéde ní ogúnjọ́ oṣù Kẹwàá pé ó ti kásẹ̀ ńlẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ní Guinea, Làìbéríà àti Sàró, ó lé ní ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá ènìyàn tó bá a lọ. Lọ́dún náà, òbí tó ń sọ fún ọmọ pé kó wẹ ọwọ́ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa hàlẹ̀ mọ́ ọn. Ọmọ náà ti gbọ́ ìdí rẹ̀ lórí rédíò.

Ohun tí mo ń sọ nìyí: ọmọ tó bá mọ ohun tí òfin ń dáàbò bò yóò pa á mọ́ níbi tí olùṣọ́ kò sí. Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ náà dé Àìsẹ̀gbà-Èkìtì, ní ìjọba ìbílẹ̀ Gbọ́nyìn, lójú ọ̀nà tó gba Ìjan àti Ìlúọmọba lọ sí Òde àti Òmùò. Olùkọ́ ibẹ̀ kò ní láti wá àpẹẹrẹ lọ sókè òkun. Kó bi àwọn ọmọ léèrè ìdí tí a kì í fi í jókòó sórí odó. Ìbẹ̀rù tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu ìyá àgbà ni wọn yóò kọ́kọ́ fi dá a lóhùn. Kó wá tún bi wọ́n pé, “Ta ló ń jẹ iyán inú odó yẹn?” Wọn yóò dáhùn pé gbogbo ilé ni. Kò sí ọmọ Èkìtì tí èyí kò ní yé. Àwọn baba wa fi ìbẹ̀rù bo ìdí náà mọ́lẹ̀ nítorí ọmọ kékeré tí kò tíì mọ èrò rò. Nígbà tí ọmọ bá ti tó ọmọ ilé ìwé, ó tọ́ kí a ṣí ìbòrí náà fún un.

Láti ìdí odó, kí olùkọ́ mú wọn lọ sóko. Lásìkò ọyẹ́, kí ló dé tí ìlú fi ń kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má dáná sungbó bó ṣe wù ú? Nítorí pé iná kò mọ ààlà. Iná tí ẹnì kan fi ń pa ẹmọ́ lè jó oko kòkó tí ẹlòmíràn fi ogún ọdún tọ́jú. Kí ló dé tí ọ̀pọ̀ ìlú Èkìtì kì í fi í jẹ iṣu tuntun kí wọ́n tó ṣọdún ìjẹsu? Iṣu tí a bá wà kó tó gbó kò ní adùn, kì í sì í pẹ́ nílẹ̀. Ọdún náà sì ń jẹ́ kí olówó àti tálákà jọ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ nígbà kan náà. Kó sì sọ̀rọ̀ ààlè fún wọn: ìkarahun ìgbín, ṣùkù àgbàdo tàbí àkísà tí a so mọ́ ìdì igi tàbí òkìtì iṣu. Ààlè kò ní ọwọ́ tí yóò fi mú olè, kò sì ní ẹsẹ̀ tí yóò fi lé e. Ohun tó ń sọ kò ju pé ẹnì kan ló ni nǹkan yìí, ó sì ń padà bọ̀. Agbára rẹ̀ wà lọ́kàn ẹni tó rí i.

Òfin tí ìdí rẹ̀ kò yé ènìyàn kì í ní irú agbára yẹn. Láyé ìjọba àwọn òyìnbó, wolé-wolé máa ń yẹ ìkòkò omi wò láti mọ̀ bóyá tanwíjí wà níbẹ̀, ẹni tó bá sì rí i lọ́dọ̀ rẹ̀ yóò sanwó ìtanràn. Iṣẹ́ rere ni iṣẹ́ wọn, torí tanwíjí ló ń di ẹ̀fọn, ẹ̀fọn ló sì ń gbé ibà kiri. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ilé ni a kò ti ṣàlàyé fún. Bí wọ́n bá ti gbúròó pé wolé-wolé ń bọ̀, wọn á sáré da omi nù. Bó bá ti lọ tán, ìkòkò á tún padà sí bó ṣe wà. Ọmọ tí a fi pàsán nìkan kọ́ náà kò yàtọ̀. Bí olùkọ́ bá ti kẹ̀yìn sí i, òfin ti parí.

Eré àwọn ọmọ náà tún jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ òfin. Ẹ gbé ọpọ́n ayò síwájú wọn: ihò méjìlá, ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kan máa bù ú bó ṣe wù ú, láìtẹ̀lé ìlànà. Láìpẹ́, àwọn fúnra wọn yóò kígbe pé kò sí eré mọ́. Jean Piaget, onímọ̀ ará Switzerland, gbé irú ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde lọ́dún 1932. Ó bá àwọn ọmọ jókòó nídìí eré tí wọ́n ń fi òkúta róbótó-róbótó ṣe, ó sì rí i pé àwọn kékeré gbà pé òfin eré ti ọwọ́ àgbà wá, kò sì ṣe é yí padà. Àwọn tó ti ń tó ọmọ ọdún mẹ́wàá sí méjìlá mọ̀ pé àwọn ló jọ fohùn ṣọ̀kan lé e lórí, àwọn sì lè jọ tún un ṣe. Àárín ọjọ́ orí méjèèjì yìí ni ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ olùkọ́ pọ̀ sí jù.

Èdè tí a ó fi ṣàlàyé fún ọmọ náà ṣe pàtàkì. Láti ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní Ilé-Ifẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ sì wà nínú ohun tí wọ́n kọ́ wọn. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, kódà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ìdí òfin kò ṣe é há sórí. Ọmọ gbọ́dọ̀ lè jiyàn lé e lórí kó tó wọ̀ ọ́ lọ́kàn, èdè tó fi ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jiyàn lójú àgbàlá ló sì lè fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, mo rọ gbogbo olùkọ́ wa: lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ táàmù, ẹ jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ, kí ẹ jọ ṣe òfin kíláàsì, kó má ju márùn-ún lọ. Lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ bi wọ́n pé kí ni a jọ ní tí òfin yìí ń ṣọ́. Èyí tí kò bá ní ìdáhùn, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ọmọ tó bá rú òfin, ẹ jẹ́ kó tún ohun tó bà jẹ́ ṣe: kó gbá ilẹ̀ tó dọ̀tí, kó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀. Kí olùkọ́ tó bá pẹ́ dé náà tọrọ àforíjì lójú gbogbo kíláàsì. Òbí tó ń kó ìdọ̀tí dà sójú àgbàrá lóru, kó rántí pé ọmọ òun ń wo òun. Ohun tí ọmọ bá rí lọ́wọ́ wa ní ilé àti ní ilé ìwé ni yóò gbé lọ sínú ìlú lọ́jọ́ tó bá di tirẹ̀ láti ṣòfin fún ẹlòmíràn.