Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Wọ Inú Ọkọ̀, àti Ìdí Tí Ó Fi Yẹ Kí A Gbọ́ Èdè Rẹ̀

Bí ẹ bá jókòó sí ipò awakọ̀ nínú píkọ́ọ̀pù òde òní, tí ẹ fi ọwọ́ wá abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù lọ́gangan orúnkún, ẹ ó kan ojú ihò kan tó ní àyè wáyà 16. Ibẹ̀ ni mẹkáníìkì ń ki ẹnu ẹ̀rọ síkáànà bọ̀ kí ó lè mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ló fi inú rere ṣe é fún wa. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Òfin ló mú un wá, èéfín ló sì bí òfin. Ìtàn yẹn ni mo fẹ́ sọ, kí a lè mọ ìdí tí ó fi kàn wá.

Ní ọdún 1943, èéfín bo ìlú Los Angeles ní ìpínlẹ̀ California, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ojú ń ta àwọn ará ìlú, ọ̀fun ń yún wọn. Nítorí pé ogun àgbáyé ń lọ lọ́wọ́, àwọn kan tilẹ̀ rò pé ọ̀tá ló tú afẹ́fẹ́ olóró sí wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 ni onímọ̀ kẹ́místírì kan, Arie Haagen-Smit, tó fi hàn pé èéfín ọkọ̀ àti ti ilé ìfọpo ni oòrùn ń sọ di kùrukùru olóró náà. Ní ọdún 1970, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin pé kí àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ dín májèlé inú èéfín ọkọ̀ tuntun kù ní ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá.

Òfin yìí le. Kábúrétọ̀ ló ń po epo pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ nígbà náà. Ẹni tó bá mọ píkọ́ọ̀pù Peugeot 504 àtijọ́ mọ̀ ọ́n dáadáa: sùkúrúdíráfà ni wọ́n fi ń yí i, etí ni wọ́n fi ń gbọ́ bóyá ó ti dára. Láti ọdún 1975, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi catalyst sí ojú ọ̀nà èéfín láti pa májèlé náà. Ṣùgbọ́n èyí tó lè pa májèlé mẹ́ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kì í ṣiṣẹ́ dáadáa àfi bí afẹ́fẹ́ bá tó nǹkan bíi kílò 14.7 sí kílò epo bẹntiróòlù kan. Kò sí etí ènìyàn tó lè di ìwọ̀n yẹn mú. Ní ọdún 1976, sẹ́ńsọ̀ Bosch kan tó ń wo ọ́síjìn tó ṣẹ́kù nínú èéfín wọ inú ọkọ̀ Volvo. Sẹ́ńsọ̀ ń jíṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà ń fi epo kún tàbí kí ó dín in kù. Bí ọkọ̀ ṣe ní ọpọlọ nìyẹn, èyí tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní brain box.

Bí sẹ́ńsọ̀ bá wá bàjẹ́ ńkọ́? Èéfín á padà, awakọ̀ kò sì ní mọ̀. Nítorí náà ni California ṣe pàṣẹ pé láti orí ọkọ̀ ọdún 1988, kí ọkọ̀ máa ṣọ́ ara rẹ̀, kí ó sì tan iná bí nǹkan bá bàjẹ́. Síbẹ̀, èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn ilé iṣẹ́ ń sọ. Láti ọdún 1996, òfin mú kí gbogbo ọkọ̀ kékeré àti píkọ́ọ̀pù tuntun tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà ní ojú ihò kan náà àti kóòdù kan náà. OBD-II ni wọ́n pè é. Ìdí nìyẹn tí píkọ́ọ̀pù Tòkunbọ̀ tó bá gba èbúté Àpápá wọlé fi lè bá mẹkáníìkì Múṣin sọ̀rọ̀ láìní ògbufọ̀.

Ṣùgbọ́n òwe ni kóòdù ń pa. Àwọn àgbà ní bí òwe bí òwe là ń lu ìlù àgídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Ẹ wo P0171. P dúró fún ẹ́ńjìnnì àti gíà. 0 ní kóòdù náà jẹ́ ti gbogbo ayé. 1 tó tẹ̀ lé 7 lọ́wọ́ iwájú ní ọ̀rọ̀ epo àti afẹ́fẹ́ ni. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ. Kò sọ pé sẹ́ńsọ̀ ti kú.

Àbúrò bàbá mi jẹ́ mẹkáníìkì. Ní ìsinmi tó kọjá, ìyá alátà kan tó ń fi píkọ́ọ̀pù kó tòmátò gbé ọkọ̀ wá bá a. Kóòdù yẹn ló ń mú wá. Wọ́n ti pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn fún un lẹ́ẹ̀mejì níbòmíràn, owó ọjà rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Àbúrò bàbá mi kò ra nǹkan kan. Ó wo iye epo tí kọ̀ǹpútà ń fi kún un: nígbà tí ọkọ̀ dúró jẹ́ẹ́, ó ga gan-an, nígbà tí a tẹ iná mọ́ ọn, ó wálẹ̀. Ó ní, “Ibì kan ń fa afẹ́fẹ́ wọlé.” Ó ń fún àwọn họ́ọ̀sì pa lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi kan èyí tó ti sán lábẹ́. Iye náà wálẹ̀ lójú wa. Họ́ọ̀sì kékeré ló tán ìṣòro ìyá náà.

Ojú ihò yìí kan náà ni a fi ń tún ọpọlọ ọkọ̀ kọ. Ní àwọn ọdún 1980, ṣe ni wọ́n ń tú brain box láti pààrọ̀ chip inú rẹ̀. Lónìí, a lè fi kọ̀ǹpútà kọ ètò tuntun sí i: bí epo yóò ṣe pọ̀ tó, àti ìgbà tí púlọ́ọ̀gì yóò ṣáná. Ẹni tó gbé táyà ńlá wọ píkọ́ọ̀pù rẹ̀ lè tún un ṣe kí aago eré má bàa parọ́. Ṣùgbọ́n àwọn kan ń yọ catalyst tà, wọ́n á sì pa kọ̀ǹpútà lẹ́nu mọ́ kí ó má tan iná. Ilé iṣẹ́ ńlá náà ṣe irú rẹ̀ rí. Ní ọdún 2015, àṣírí tú pé Volkswagen kọ ètò sínú ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì rẹ̀ tó ń dín májèlé kù nígbà àyẹ̀wò nìkan. Ọkọ̀ bíi mílíọ̀nù 11 ni ọ̀rọ̀ náà kàn káàkiri ayé.

Èrò mi ni pé ẹni tó pa iná yẹn láìwo àìsàn ọkọ̀ ń dá wa padà sí Los Angeles ọdún 1943, àwa tí a ń dúró ní ibùdókọ̀ ló sì ń fa èéfín náà símú. Ẹni tó sì ń fi kóòdù ra ọjà láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀ ń jẹ gbèsè sí ọrùn oníbàárà. Ọ̀pọ̀ ọmọṣẹ́ mẹkáníìkì jẹ́ ẹgbẹ́ mi ní ọjọ́ orí. Kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kọ́ wọn ní kíka iye inú kọ̀ǹpútà, kí a sì tẹ ìtumọ̀ àwọn kóòdù tó wọ́pọ̀ ní èdè Yorùbá, kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù. Òfin ti mú kí ọkọ̀ máa sọ̀rọ̀. Ó ku kí àwa náà gbọ́.