Bí Série A, B, C àti D Ṣe Di Ọ̀nà Tí Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ Ń Yàn

Ní ọdún kẹta tí ọmọ bá ń lò ní CEG, kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ìlú tí ìwé ìjọba Benin ń kọ ní Savè, ni ọ̀nà ti máa ń ya. Kíláàsì náà ni 4ème, ọmọ ọdún 13 tàbí 14 ló sì máa ń pọ̀ jù níbẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti jẹ́ pé ọ̀nà méjì ni wọ́n ń fi lọ̀ ọ́. Nínú Moderne Long, yóò fi èdè Sípéènì tàbí Jámánì kún Gẹ̀ẹ́sì tó ń kọ́ tẹ́lẹ̀. Nínú Moderne Court, kò sí èdè àjèjì kejì, sáyẹ́ǹsì ni wọ́n á tẹra mọ́. Tó bá yege BEPC, ìdánwò tó ń parí ìpele àkọ́kọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì, yóò bọ́ sí 2nde, ọ̀nà á sì tún ya: A1 àti A2 fún lítíréṣọ̀ àti èdè, B fún ìmọ̀ ọrọ̀ ajé àti àwùjọ, C fún ìṣirò àti físíìsì, D fún ìmọ̀ nípa ohun ẹlẹ́mìí. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni BAC, ìdánwò tó ń parí ilé-ìwé girama.

Àwọn ará wa tí ọmọ wọn ń kàwé ní Amẹ́ríkà mọ ètò mìíràn. Láti ọdún 1955 tí àjọ College Board ti gba ètò Advanced Placement sọ́wọ́, ọmọ lè wà ní kíláàsì tó ga jù nínú ìṣirò, kó sì wà pẹ̀lú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìtàn. Ní Ṣábẹ̀ẹ́, odindi ẹrù ni wọ́n ń dì fún ọmọ. Ẹni tó gba D ti gba gbogbo ohun tó wà nínú D.

Nígbà ìjọba Faransé, kò sí ohun tí ọmọ ń yàn. Àwọn díẹ̀ tó bá mọ̀wé jù ló ń dé ilé-ìwé Victor Ballot ní Àjàṣẹ́, tó di Lycée Béhanzin lónìí, díẹ̀ nínú wọn ló sì ń kọjá lọ sí École William Ponty ní Senegal, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1903. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń pín wọn sí iṣẹ́ olùkọ́, iṣẹ́ ọ́fíìsì tàbí ìṣègùn. Hubert Maga gba ọ̀nà olùkọ́. Émile Derlin Zinsou gba ọ̀nà ìṣègùn. Àwọn méjèèjì ló padà di ààrẹ Dahomey, orúkọ tí Benin ń jẹ́ nígbà náà.

Àwọn lẹ́tà tí a ń pè lójoojúmọ́ yìí wá láti Faransé. Ní 1902 ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi A, B, C àti D pín ìdánwò BAC níbẹ̀. Mẹ́ta nínú wọn ló ní èdè Látìn. Ẹ̀kọ́ tí kò ní Látìn ni wọ́n ń pè ní moderne. Ní 1963, nígbà tí Faransé ń ṣètò kọ́lẹ́ẹ̀jì tuntun, wọ́n pín àwọn ọmọ sí ipele mẹ́ta: classique àti moderne long lókè, moderne court láàárín, kíláàsì transition nísàlẹ̀. Ní 1965 ni A, B, C, D àti E wá gba ìtumọ̀ tí a mọ̀ wọ́n sí.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú ìtàn yìí ni bí nǹkan ṣe yí padà nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ní Faransé, ọmọ tí wọn kò fọkàn tán pé yóò kàwé jìnnà ni wọ́n ń fi sí moderne court. Ní Benin, Moderne Court ni ọ̀nà sáyẹ́ǹsì, ibẹ̀ ni òbí ń fẹ́ kí ọmọ wọn tó mọ ìṣirò wà. Orúkọ kan náà ni, àmọ́ ipò rẹ̀ ti gòkè.

Ọdún 1975 ló yẹ kí gbogbo rẹ̀ ti parí. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹfà ọdún náà, ìjọba Mathieu Kérékou gbé àṣẹ 75-30 jáde láti dá École Nouvelle sílẹ̀, ilé-ìwé tí yóò so ìwé mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti oko. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje, kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Faransé ṣe òfin Haby, tó kó gbogbo ọmọ jọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ṣoṣo, tó sì fòpin sí ìpín mẹ́ta yẹn. Ṣùgbọ́n École Nouvelle kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Owó tán, olùkọ́ kò rí owó oṣù gbà, ìyanṣẹ́lódì sì sọ 1989 di année blanche, ọdún ẹ̀kọ́ tó ṣòfò. Oṣù kẹwàá 1990 ni wọ́n pe àpérò ńlá lórí ẹ̀kọ́ ní Kútọnu. Faransé fi L, ES àti S rọ́pò A, B, C, D àti E ní BAC 1995, wọ́n sì pa àwọn wọ̀nyẹn náà rẹ́ ní 2021. Benin di tirẹ̀ mú.

Nínú gbogbo rẹ̀, ọ̀rọ̀ C ló dùn mí jù. Òun ni ìṣirò ti wúwo jù: máàkì ìṣirò ni coefficient ń sọ di púpọ̀ jù, nítorí náà ọmọ tó bá ṣubú níbẹ̀, ó ṣòro kí ẹ̀kọ́ mìíràn tó gbà á sílẹ̀. Ẹ̀rù yìí ń lé ọmọ tó mọ̀wé lọ sí D. Akẹ́kọ̀ọ́ C kéré gan-an sí ti D jákèjádò Benin, ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì ìgbèríko kò sì ṣí C rárá. Olùkọ́ ìṣirò àti físíìsì ṣọ̀wọ́n pẹ̀lú. Láti 2019, àwọn aspirants, olùkọ́ tí ìjọba ń gbà fún ìgbà díẹ̀, ló ń gbé apá ńlá nínú iṣẹ́ náà. Ọmọ abúlé kan ní agbègbè Kaboua lè ní ọpọlọ fún C, kó sì jẹ́ pé kò sí kíláàsì tí yóò jókòó sí. A ò lè pe ìyẹn ní yíyàn.

D kì í ṣe ọ̀nà àwọn tó kùnà o. Ó ṣílẹ̀kùn ìṣègùn àti ìmọ̀ ọ̀gbìn ní yunifásítì Abomey-Calavi, àti ní Paraku tí yunifásítì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2001. A àti B ń lọ sí òfin, èdè àti ọrọ̀ ajé. C ló ń gba ẹnu ọ̀nà tó pọ̀ jù wọlé. Nítorí náà, kí òbí tó fọwọ́ sí Moderne Long tàbí Court ní 4ème, kí ó lọ bá ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì, kí ó bi í bóyá 2nde C wà níbẹ̀, ta ló ń kọ́ wọn ní ìṣirò, àti ilé ta ni ọmọ yóò máa gbé tó bá jẹ́ pé ìlú mìíràn ni C wà.