Ọkọ̀ Ogun Prometheus àti Àdéhùn Èkó Ọdún 1861: Ẹ̀kọ́ fún Àwa Olùkọ́

Ìfáàrà

Gbólóhùn kan ni a sábà fi ń kọ́ ọmọ bí Èkó ṣe di ti Gẹ̀ẹ́sì: Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní ọdún 1861. Gbólóhùn yìí kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò pé. Kò dárúkọ ọkọ̀ ogun tó wà lórí ọ̀sà. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé olùkọ́ tó bá fo ọkọ̀ náà kò tíì kọ́ni ní ìtàn àdéhùn náà.

Ìbọn lórí Ọ̀sà

Èkó ti mọ ohun tí ìbọn orí omi lè ṣe. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, ọkọ̀ ogun Bloodhound àti Teazer wọ inú ọ̀sà, wọ́n sì yìnbọn lu ìlú. Àwọn ará Èkó jà gidigidi. Teazer há sórí ilẹ̀ níbi tí omi kò ti jìn, Gẹ̀ẹ́sì sì pàdánù ènìyàn. Ṣùgbọ́n nígbẹ̀yìn, Ọba Kòsọ́kọ́ sá kúrò nílùú, Akíntóyè sì padà sórí oyè.

Dòsùnmú, ọmọ Akíntóyè, ló wà lórí oyè nígbà tí Prometheus dé ní ọdún 1861. Lọ́ńdọ́ọ̀nù ti pàṣẹ ní oṣù Kẹfà pé kí wọ́n gba Èkó. Òpin òwò ẹrú ni wọ́n pè ní ìdí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òwò epo pupa náà wà lọ́kàn wọn. Bedingfield, ọ̀gá ọkọ̀ náà, àti McCoskry, adelé aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, fi ọ̀rọ̀ náà lọ ọba. Ọba àti àwọn ìjòyè kọ̀. Wọ́n wá fi ìbọn ọkọ̀ dẹ́rù bà wọ́n. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ, Dòsùnmú àti ìjòyè mẹ́rin fa àmì sí ìwé tí a fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí Ọbabìnrin pé àwọn kò fara mọ́ ọn.

Nígbà tí wọ́n ta àsíá Gẹ̀ẹ́sì, nǹkan bí 300 ọmọ ilé-ìwé míṣọ́nnárì ló kọ orin Ọbabìnrin. Àwọn olùkọ́ wọn ló kó wọn wá.

Láti Èkó dé Sókótó

Orí ilẹ̀ ni ọmọ ogun Lugard gbà dé Sókótó níbí, tí wọ́n sì ṣẹ́gun ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 1903. Ní ọjọ́ 21, Lugard sọ fún àwọn àgbà ìlú pé àdéhùn àtijọ́ ti kú. Ní Èkó, àdéhùn ni wọ́n fi gba ilẹ̀. Ní Sókótó, wọ́n ní àdéhùn kò sí mọ́. Agbára ìbọn ló wà lẹ́yìn méjèèjì.

Ìgúnlẹ̀

Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ wa máa bi ìwé àdéhùn kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè: Ta ló kọ ọ́? Èdè wo ni? Kí ló dojú kọ ààfin lọ́jọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i? Àwọn olùkọ́ ọjọ́sí kó ọmọ lọ kọrin lábẹ́ àsíá. Ó kù sọ́wọ́ àwa láti sọ fún ọmọ tiwa ohun tó wà lórí omi.