Wáyà Hóòmù Tíátà: Bí Àwòrán àti Ohùn Ṣe Pínyà, Tí Wọ́n sì Tún Pàdé

Hóòmù tíátà kì í ṣe ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Tẹlifíṣàn ń gbé àwòrán jáde, ẹ̀rọ mìíràn ń ka kásẹ́ẹ̀tì tàbí àwo, ámúpilifáyà ń fún ohùn lágbára, àwọn sípíkà sì ń fọ́n ọn ká inú yàrá. Wáyà ló so gbogbo wọn di ọ̀kan. Ìtàn àwọn wáyà náà gùn ju ti hóòmù tíátà fúnra rẹ̀ lọ, nítorí pé irú èyí tí àwọn onílé mọ̀ jù lọ, tí orí rẹ̀ máa ń jẹ́ pupa, funfun tàbí yẹ́lò, ti wà kí ẹnikẹ́ni tó ní fídíò nílé.

Ilé-iṣẹ́ RCA ní Amẹ́ríkà ló gbé orí wáyà náà jáde ṣáájú ọdún 1950, láti fi so ẹ̀rọ tó ń ka àwo orin mọ́ rédíò. Inú àpótí ẹ̀rọ ló fara pamọ́ sí nígbà náà. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni àwọn olùfẹ́ orin bẹ̀rẹ̀ sí í ra gírámafóònù, ámúpilifáyà àti sípíkà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, òun ni wọ́n sì fi ń so wọ́n pọ̀, torí pé kò wọ́n. Àléébù kan wà lára rẹ̀ tí kò kúrò títí dòní: ṣóńṣó àárín rẹ̀ máa ń kan ihò kí òrùka ìta rẹ̀ tó kàn án. Ìdí nìyẹn tí sípíkà fi ń kùn bí wọ́n bá tì í bọ̀ ọ́ nígbà tí ámúpilifáyà ti wà lórí iná.

Gbọ̀ngàn sinimá ni èrò pé kí ohùn yí olùwòran ká ti wá. Lọ́dún 1940, Walt Disney gbé fíìmù Fantasia jáde pẹ̀lú ètò ohùn kan tí wọ́n pè ní Fantasound, tó ń lo sípíkà káàkiri gbọ̀ngàn, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga débi pé gbọ̀ngàn díẹ̀ ló lè rà á. Ọ̀nà tó rọrùn ti ọ̀dọ̀ Ray Dolby wá, ará Amẹ́ríkà tó dá ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1965. Dolby Stereo, tí Star Wars sọ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká lọ́dún 1977, ká ohùn 4 (òsì, ọ̀tún, àárín àti ẹ̀yìn) sójú ipa 2 péré lára fíìmù. Nígbà tí wọ́n bá da irú fíìmù bẹ́ẹ̀ kọ sórí kásẹ́ẹ̀tì sítíríò, ohùn ẹ̀yìn náà á bá a wọlé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é. Ó kù kí ẹnì kan ṣe ẹ̀rọ tí yóò tú u. Dolby Surround ṣe é lọ́dún 1982, Pro Logic sì fi sípíkà àárín kún un lọ́dún 1987. Wáyà 2 ń gbé ohùn 4: nínú gbogbo ìtàn yìí, ọgbọ́n díẹ̀ ló tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà àńtẹ́nà ni àwòrán ń gbà ní tirẹ̀. Betamax ti Sony dé lọ́dún 1975, VHS ti JVC tẹ̀lé e lọ́dún 1976, ihò àńtẹ́nà ẹ̀yìn tẹlifíṣàn ni wọ́n sì ń gbà wọlé. Fídíò á sọ àwòrán àti ohùn di ìkànnì, àfi bí ẹni pé ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn kan wà nínú yàrá, onílé á sì máa yí bọ́tìnnì títí fíìmù yóò fi hàn. Àwòrán kì í mọ́ tó bó ti yẹ lọ́nà yìí. Ilẹ̀ Faransé wá ojútùú sí i pẹ̀lú SCART, orí wáyà gbàǹgbà tó ní ojú 21, tó ń gbé àwòrán àti ohùn pọ̀ láìsọ wọ́n di ìkànnì. Láti ọdún 1980 títí di ọdún 2015 ni òfin ibẹ̀ fi sọ ọ́ di dandan fún tẹlifíṣàn tuntun. Amẹ́ríkà kò gbà á. Wáyà RCA olórí yẹ́lò ni wọ́n fi ń gbé àwòrán, kí S-Video tó dé lọ́dún 1987 láti pín ìmọ́lẹ̀ àwòrán kúrò lára àwọ̀ rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, VCD, ìyẹn àwo fídíò, ló gbé wáyà olórí mẹ́ta wọ yàrá ọ̀pọ̀ ènìyàn. Nígbà tí náírà jábọ́ ní àwọn ọdún 1980, owó fíìmù irú èyí tí Hubert Ògúndé ń ṣe kọjá agbára àwọn òṣèré. Wọ́n yí sí fídíò, VHS lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà VCD, tí ìlànà rẹ̀ jáde lọ́dún 1993, tó sì kún ọjà Ìdúmọ̀tà ní Èkó nígbà tó yá. Yẹ́lò fún àwòrán, funfun fún ohùn òsì, pupa fún ọ̀tún. Hóòmù tíátà inú páálí, sípíkà kéékèèké 5 pẹ̀lú wúfà 1, di ọjà ní Alábà. Ohùn 2 péré ló wà lára VCD, nítorí náà ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ń pín in fún àwọn sípíkà yòókù. Báàsì ni ọ̀pọ̀ tilẹ̀ torí rẹ̀ rà á.

DVD, tó jáde ní Japan lọ́dún 1996, ló sọ ẹ̀yìn ẹ̀rọ di igbó wáyà. Ó mú Dolby Digital wọlé, èyí tí àwọn gbọ̀ngàn ti ń lò láti ìgbà fíìmù Batman Returns lọ́dún 1992, tó ní ohùn 6 tó dá dúró. Wáyà RCA 6 ló lè gbé e, tàbí wáyà díjítà kan, yálà ti bàbà tàbí Toslink tí Toshiba ṣe lọ́dún 1983, èyí tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé ohùn. Àwòrán náà pín sí mẹ́ta: olórí ewé, olórí búlúù, olórí pupa. Pupa wá di méjì lẹ́yìn ẹ̀rọ kan náà, ọ̀kan fún àwòrán, ọ̀kan fún ohùn, ó sì wọ́pọ̀ kí wọ́n ṣì wọ́n tì bọnú ara wọn. Tí wọ́n bá tún so pupa àti dúdú sípíkà kan ní ìdàkejì, abẹ̀bẹ̀ inú rẹ̀ á máa wọlé nígbà tí ti ìkejì rẹ̀ ń jáde, báàsì á sì di fúyẹ́.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2002 ni ilé-iṣẹ́ 7, tí Sony, Philips, Toshiba àti Hitachi wà lára wọn, gbé HDMI jáde: ojú 19, àwòrán àti ohùn nínú wáyà kan, gbogbo rẹ̀ ní díjítà. Ìrọ̀rùn onílé nìkan kọ́ ló bí i. Àwọn oníléeṣẹ́ fíìmù ń bẹ̀rù pé àwọn ènìyàn yóò máa da fíìmù wọn kọ, nítorí náà ni wọ́n ṣe fẹ́ràn rẹ̀, torí pé HDCP, titì tí Intel ṣe, lè bá a lọ. Bí ẹ̀rọ méjì kò bá dá ara wọn mọ̀, àwòrán kì í hàn rárá, ohun tí yẹ́lò àtijọ́ kò ṣe rí.

Lọ́dún 2009, HDMI 1.4 mú ARC wá, kí ohùn lè gba wáyà kan náà padà láti tẹlifíṣàn lọ sí ámúpilifáyà. Ó bọ́ sákòókò, nítorí pé inú tẹlifíṣàn fúnra rẹ̀ ni fíìmù orí íntánẹ́ẹ̀tì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá. HDMI 2.1 ti ọdún 2017 fẹ ọ̀nà náà pẹ̀lú eARC, tó lè gbé ohùn Dolby TrueHD láìgé nǹkan kan kúrò. Toslink, tó ṣì wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ tẹlifíṣàn, kò lè gbé e. Láti ámúpilifáyà dé ìdí sípíkà, wáyà bàbà olójú méjì náà ni wọ́n ṣì ń lò.